Ìwé Tí Ghislaine Ká

Ọwọ́ Ghislaine Lesur kò mọ̀ ju ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà ká nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ aṣọ ìnujú tó wà létí odò ní Wavrelles, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí, títí àwọn olówó fi ti ilẹ̀kùn pa, tí wọ́n kó ẹ̀rọ wọn lọ sí ilẹ̀ ibi tí òṣìṣẹ́ kì í ti í béèrè owó púpọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kíká. Á ká aṣọ náà sí mẹ́ta, á tún un ká sí méjì, á wá fi àtàǹpàkò ti igun kan wọ inú kó má baà tú. Igun tó ń tì wọ inú yẹn, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ nílé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbìyànjú ẹ̀ títí, wọn ò rí i ṣe, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún un.

Bó ṣe ń ká aṣọ ló ṣe ń ká gbogbo nǹkan tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, látorí aṣọ ìnuwọ́ dórí ìwé oògùn. Fernand ọkọ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Á ní lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí ẹ ṣọ́ obìnrin yìí o, kó má lọ ká òun sí mẹ́ta.

Fernand kú lóòótọ́. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tó ń wo àwọn oníkẹ̀kẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ghislaine pe ọkọ̀ aláìsàn, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ti ti ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù tó sún mọ́ wọn pa, wọ́n ní àwọn tó ń wá síbẹ̀ kò pọ̀ tó. Ibi tó jìn ni ọkọ̀ náà ti wá. Alààyè ni wọ́n ní kó wá gbé, òkú ló bá lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má tíì dá Ghislaine lẹ́jọ́ nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Obìnrin yìí kò fi ìbò ṣeré rí. Ó ti dìbò fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Ó ti dìbò fún ẹgbẹ́ àwọn olówó nígbà tí wọ́n ní àwọn máa dá iṣẹ́ padà. Ó ti dìbò fún àwọn ọ̀dọ́ oníkóòtù tuntun tí wọ́n ní àwọn ò sí lápá ọ̀tún, àwọn ò sì sí lápá òsì. Bí ìbò bá ti ku díẹ̀, gbogbo wọn á ya wọ ọjà, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n á jẹ wàràkàṣì olóòórùn tí ìlú náà ń ṣe, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí omi ṣe ń bọ́ lójú wọn. Tí wọ́n bá wọlé tán, ó dìgbóṣe. Rélùwéè kò dúró ní Wavrelles mọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ sí ìlú kejì. Pósítọ́fíìsì di ilé ẹyẹlé. Nígbà tí oníbúrẹ́dì àtijọ́ sì kú, ẹ̀rọ ni wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀ṣì: o sọ owó sí i, ó ti búrẹ́dì gbọọrọ kan jáde sí ọ bí ẹni ń yọ ahọ́n síni. Ọjọ́ tí Ghislaine kọ́kọ́ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀rọ ló sunkún. Ẹ̀rọ kì í béèrè pé ara ńkọ́.

Alága ìlú, Hervé Caudron, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá oníbúrẹ́dì kiri bí ẹni ń wá ọkọ fún ọmọ. Níkẹyìn ọkùnrin ará Tùnísíà kan tó ń jẹ́ Nizar gbà láti wá, òun àti Wided ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn kékeré. Àwọn ará ìlú kọ́kọ́ yímú. Régine, aládùúgbò Ghislaine, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní, "Àwọn yẹn náà ló fẹ́ wá kọ́ wa ní búrẹ́dì ṣíṣe?" Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tí òun Régine fi di ẹni tó ń síwájú lórí ìlà láràárọ̀.

Ghislaine ló kọ́ Nizar ní kéèkì onísúgà tí wọ́n ń ṣe lágbègbè wọn. Ó tún wá kọ́ Wided bí wọ́n ṣe ń di kéèkì ọjọ́ Ìsinmi. Nílẹ̀ yẹn, bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, ojú onílé á tì í bí kò bá sí kéèkì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi bébà dì lórí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Sẹ́lótéèpù ni Wided fi ń lẹ bébà náà, ó sì ń ya mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

"Gbé e wá, ọmọ mi," ni Ghislaine wí. "Wò ó. Mẹ́ta. Méjì. Kó o wá ti igun yìí wọlé. Ó parí."

"Háà, Màmá, idán lẹ pa yẹn!"

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Wided mọ̀ ọ́n ṣe. Nizar gbìyànjú tirẹ̀, ó fa bébà mẹ́ta ya. "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ló wí, "ọwọ́ ìyẹ̀fun ni tèmi." Láti ìgbà yẹn, èèyàn méjì péré ló ń ká bébà báyìí ní gbogbo Wavrelles. Ọmọ bíbí inú Ghislaine wà ní Bordeaux, orí fóònù ló ti ń kí i nígbà Kérésì. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń pe Ghislaine ní Màmá ni ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, ó sì mọ̀ ọ́n lára.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Nizar ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ọmọ onílùú. Ti Wided kò tíì jáde. Ilé tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ti ìlú ni, alága sì ní òun ṣe tán láti tà á fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Wided wà ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó ń pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kí ni wọ́n ń ṣe ní abúlé tí ewúrẹ́ gan-an ti sá kúrò.

Nizar bi Ghislaine lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Màmá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn bí ẹ ṣe máa gba ọmọ yín. Ṣé ká ra ilé yìí? Ṣé ìlú yìí fẹ́ wa?"

"Ẹ rà á. Ta ló máa wá ṣe búrẹ́dì fún mi?"

"Mi ò ṣeré o, Màmá."

"Èmi náà ò ṣeré. Ilé yín nìyí. Ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, kó wá bá mi."

Ìbò aṣòfin kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Onílẹ̀. Nígbà tí Ghislaine wà lọ́mọdé, bí ẹnì kan bá dárúkọ wọn nílé, bàbá rẹ̀ á tutọ́ sílẹ̀. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ látayébáyé: àjèjì ló kó ìyà bá yín, ẹ jẹ́ ká lé wọn. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fa Quentin Mazure kalẹ̀, ọmọkùnrin kan tó mọ́ fínnífínní, tí ẹnu rẹ̀ tutù. Ó dúró ti Ghislaine lọ́jà, ó sì gbọ́ ìtàn ikú Fernand dé òpin láìwo aago. "Wọ́n ti pa yín tì, Màmá," ló wí. Nínú gbogbo àwọn tó ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, tó bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, òun àti Régine jọ ń lọ sí gbọ̀ngàn ìlú.

"Ta lo fẹ́ dì í fún?" ni Régine bi í.

"Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bi èèyàn."

"Jókòó síbẹ̀. Èmi ò fi tèmi bò: Mazure ni! Kí etí wọn lè kún ní Paris."

"Nizar ńkọ́?"

"Ta ló ń bá Nizar wí? Nizar ń ṣiṣẹ́. Àwọn yòókù là ń bá wí."

"Àwọn yòókù wo? Ṣé o rí ẹnì kankan ní Wavrelles?"

Régine ronú díẹ̀. "Àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n," ló wí.

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ghislaine wọlé, ó mú ìwé kọ̀ọ̀kan látinú gbogbo òkìtì tó wà lórí tábìlì, òkìtì kan fún olùdíje kan, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èyí tó wù ú. Ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Àwọn àgbà ní a kì í torí pé à ń bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Ghislaine mọ òwe tiwọn tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì ló rí níwájú rẹ̀, àti ẹsẹ̀ Fernand tí bàtà kan ti bọ́ kúrò níbẹ̀. Kò fẹ́ kí Mazure wọlé, ó dá a lójú pé kò lè wọlé. Ó kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn tó wà lókè yẹn gbọ́ igbe lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tají. Ó mú ìwé Mazure. Ọwọ́ rẹ̀ ká a. Ó fi sínú àpò ìwé, ó jáde, ó jù ú sínú àpótí, alága sì fi ohùn tíṣà kígbe gẹ́gẹ́ bí àṣà, "Ghislaine Lesur, ó ti dìbò!"

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì ń ta, wọ́n ti ilẹ̀kùn ìbò. Àwọn ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n ń ka ìbò nílẹ̀ yẹn, lójú gbogbo èèyàn, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí Ghislaine ti máa ń jókòó sídìí tábìlì yẹn pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́, tó ń fa igi kọ̀ọ̀kan sábẹ́ orúkọ tí wọ́n bá pè. Tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn máa ń du iṣẹ́ yìí ni. Nísinsìnyí alága ló ń bẹ wọ́n.

"Ghislaine, àga rẹ ń dúró dè ọ́. Régine, ìwọ lo máa pe orúkọ, ohùn rẹ kì í gba ibì kan kó má gba ibòmíràn. Ẹni tó sì máa tú ìwé lónìí ni ọmọ ìlú wa tuntun!" Alága na ọwọ́ bí ẹni ń fi ìyàwó han àwọn àlejò.

Nizar ló ń bọ̀. Ó wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀, ó ti fọ ìyẹ̀fun kúrò ní irun. Ìbò àkọ́kọ́ tó dì láyé rẹ̀ nílẹ̀ yẹn nìyẹn, inú rẹ̀ dùn débi tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ sí. Ó jókòó kọjú sí Ghislaine. "Màmá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin àtèmi rèé lórí tábìlì kan náà."

Ìgbà yẹn ni Ghislaine tó rántí igun tó tì wọ inú. Kò ronú kan ìwé yẹn mọ́ látàárọ̀, ọwọ́ ló ṣe é, orí kò mọ̀ sí i. Ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ ní orí ń fọ́ òun, ṣùgbọ́n kí ni ìyẹn fẹ́ yí padà? Ìwé náà ti wà nínú àpótí.

Nizar ń ya àpò ìwé, ó ń tẹ́ ìwé inú rẹ̀, ó ń gbé e fún Régine, Régine ń pè é. "Mazure!" Ghislaine fa igi. "Mazure! Mazure!" Orúkọ mìíràn yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tún di "Mazure!" Ẹ̀rín tó wà lójú Nizar kò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kúrò, bí omi ṣe ń gbẹ lára aṣọ. Gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ló ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń wo àjà, wọ́n ń wo bàtà. Olúkúlùkù wọn ti rò pé òun nìkan ló fẹ́ pariwo yẹn.

Lẹ́yìn náà ó fa ìwé kan jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò kan igun rẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń fà á kó tó tú, ojoojúmọ́ ló ń rí i lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Ó fà á. Ó tú. Ó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò gbójú sókè wo Ghislaine, ìyẹn ló sì burú jù.

"Oníbúrẹ́dì, kí ló dé, àbí ó gbóná ni?" ni Régine wí. "Gbé e wá."

Alága sún mọ́ ọn. "Ṣé àmì wà lára rẹ̀ ni? Bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀ tí èèyàn fi lè mọ ẹni tó ni ín, òfin ní ká fagi lé e."

Ghislaine ń gbàdúrà lọ́kàn pé kó sọ ọ́. Sọ pé ó ní àmì, ọmọ mi. Fagi lé e. Pa á rẹ́.

"Rárá," ni Nizar wí. "Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó mọ́."

Ó gbé e fún Régine. "Mazure!" ni Régine kígbe. Ghislaine fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi náà.

Ìpele kejì ìbò ku ọ̀sẹ̀ kan, torí kò sẹ́ni tó rí tó ìdajì ìbò gbogbo agbègbè. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn Ghislaine lọ ra búrẹ́dì bó ṣe máa ń lọ. Nizar wà lẹ́yìn, nídìí ààrò, kò jáde. Wided kí i, ó béèrè ara, ó fún un ní ṣéńjì. Ghislaine kò mọ̀ bóyá ọkọ ti sọ fún un. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu, pé kì í ṣe yín ni mo bá wí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ ọ́, ohùn Régine ló ń gbọ́ nínú rẹ̀: àwọn yòókù, àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Á gbé búrẹ́dì rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ Ìsinmi kejì, kó tó lọ dìbò, ó lọ ra kéèkì méjì.

Wided mú bébà. Ó ká a sí mẹ́ta. Ó ká a sí méjì. Ọwọ́ rẹ̀ dé ibi igun, ó dúró. Ó tú bébà náà, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó sì fi í sápá kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú páálí funfun kékeré kan, ó kó kéèkì sí i, ó fi okùn pupa dì í ní kókó méjì.

"A ti ra páálí báyìí," ló wí. "Ó dára bẹ́ẹ̀, màdáàmù?"

Ghislaine ní ó dára. Màdáàmù yẹn gún un ju èébú lọ. Bí Wided bá bú u, ì bá mọ ohun tó máa fi fèsì.

Pẹ̀lú páálí lọ́wọ́ ló fi wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Èèyàn méjì ló kù: Mazure, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Flahaut, ọmọ ẹgbẹ́ tó ti ọsibítù pa. Ghislaine mú ti Flahaut. Lọ́tẹ̀ yìí orí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ká a ni, mẹ́ta, méjì, ó sì ti igun wọlé pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Nizar ló máa tú u nírọ̀lẹ́. Á rí i, á sì mọ̀.

Nizar kò wá. Ó ti dìbò láàárọ̀, ó sì ti padà sílé. Nígbà tó di aago mẹ́fà, alága fúnra rẹ̀ ló jókòó tú ìwé, ojú rẹ̀ kò dùn. Ọmọbìnrin kan tí Mazure rán wá láti ìgboro dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń bá a bọ̀, "Mazure! Mazure! Flahaut! Mazure!" títí ọwọ́ alága fi kan èyí tí wọ́n ti igun rẹ̀ wọ inú, tó sì tú u: ti Flahaut ni.

"Ẹ dúró," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kí nìyẹn? Àmì ni wọ́n fi ká a."

"Bí olúkúlùkù ṣe ń ká ìwé rẹ̀ nìyẹn," ni alága wí.

"Alága, kò sẹ́ni tó ń ká ìwé báyẹn."

Régine na ọrùn. "Ẹ̀n-ẹ́n! Bí wọ́n ṣe ń di kéèkì nílé búrẹ́dì nìyẹn! Oníbúrẹ́dì ló ni ín. Ó fẹ́ ká mọ̀ pé òun kò bá wa ṣe."

Ìkùnsínú gba gbọ̀ngàn kan. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ẹ ò rí wọn? Ẹ fún wọn níwèé tán, wọ́n á tún máa fi ṣe àmì." Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, gbogbo wọn ń wo bàtà. Nísinsìnyí wọ́n ti rí ibi wo.

"Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀," ni Ghislaine wí. "Ó mọ́."

"Màmá, òfin ni," ni ọmọbìnrin náà dá a lóhùn.

Ghislaine gbé bíírò sílẹ̀. "Kì í ṣe Nizar. Èmi ni mo ká a."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, kò tiẹ̀ ṣe é ní ìkà. "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́. A ti mọ ẹni tó ni ín."

Alága wo Ghislaine títí, bí ẹni tó fẹ́ kó kó ọ̀rọ̀ náà padà. Lẹ́yìn náà ó fi pẹ́ẹ̀nì pupa fagi lé ìwé náà, ó so ó mọ́ àpò rẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ìgboro. Bí kò bá tiẹ̀ fagi lé e, Mazure á ṣì wọlé. Ìbò kan kò lè dá a dúró.

Régine tẹ̀ síwájú, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ghislaine. Ṣé bó o ṣe ká ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn? Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí?"

Ghislaine mú bíírò, ó ń dúró de orúkọ tó kàn.

Nígbà tó ń lọ sílé, ó gba iwájú ilé búrẹ́dì kọjá. Wọ́n ti fa ilẹ̀kùn onírin wálẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Nizar lókè, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lédè wọn, Ghislaine kò sì gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ àfi Bẹ́ljíọ̀mù. Ó dúró díẹ̀, bóyá kó kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ta ni kó ní ó ń kan ilẹ̀kùn, Màmá ni àbí màdáàmù?

Nílé, ó gbé páálí sórí tábìlì, ó gbé àwo méjì síwájú, tirẹ̀ àti ti Fernand, bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń fà á. Kókó méjì náà le, èékánná rẹ̀ kò ran wọ́n. Ó dìde, ó lọ wá àlùmọ́gàjí.